Bí Gìtá Inú Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Dún Bí Èyí Tí Ọwọ́ Ń Ta

Nínú ọ̀pọ̀ orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, láti Under G títí dé ẹ̀yìn Tákíè, kò sí gìtá gidi kankan. Láptọ́ọ̀pù kan, kíbọ́ọ̀dù kékeré kan, ẹ̀dífóònù, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Gìtá tó dára wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni gbígba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé kò rọrùn nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì bá ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gìtá inú kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ní tiẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ gìtá kò ní gbọ́ ọ ju ìlà kan lọ kó tó sọ pé, "Ẹ̀rọ nìyẹn."

Àwọn kan á ní kí àwọn lọ ra plugin, ìyẹn ohun èèlò orin inú kọ̀ǹpútà, tó wọ́n ju èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn lọ. Ẹ má tíì náwó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ nóòtì náà ló ń ronú bí atẹkíbọ́ọ̀dù, tó ń fi ìka mẹ́wàá tẹ ohun tí okùn mẹ́fà kò lè gbé. Torí náà, lórí gbogbo nóòtì tí ẹ bá kọ, ẹ bi ara yín pé: orí okùn wo ló wà? Ìka wo ló dì í mú? Báwo ni ọwọ́ kejì ṣe dé ibẹ̀? Bí ẹ bá ti lè dáhùn, plugin ọ̀fẹ́ gan-an á gbọ́ tiyín. FL Studio, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe orin, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo sábà máa ń bá lórí láptọ́ọ̀pù àwọn èèyàn níbí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni nínú Cubase, Reaper tàbí Ableton Live.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan gìtá tó ṣeé darí

Ohùn tó dùn nìkan kò tó. Ẹ wá plugin tí wọ́n gba ohùn gìtá gidi sílẹ̀ láti fi ṣe, tí wọ́n sì ta nóòtì kọ̀ọ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó má bàa jẹ́ ohùn kan náà gẹ́lẹ́ ni yóò máa jáde bí ẹ bá tẹ nóòtì kan léraléra. Round robin ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ó ní palm mute, ìyẹn ohùn tí gìtá máa ń mú jáde nígbà tí ẹni tó ń ta á bá gbé ẹ̀bá àtẹ́lẹwọ́ lé okùn, tí ìró rẹ̀ á kú kíákíá. Ẹ wò ó bóyá ó ní hammer-on, tí màá ṣàlàyé ní Ìgbésẹ̀ 8, àti slide, ìyẹn kí ìka yọ̀ lórí okùn láti nóòtì kan dé òmíràn. Àwọn bọ́tìnnì kan wà lápá òsì pátápátá lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní keyswitch. Wọn kì í dún, wọ́n kàn ń sọ fún plugin irú ọ̀nà tí kó gbà ta nóòtì tó ń bọ̀.

Ample Guitar M Lite II láti ọwọ́ Ample Sound jẹ́ ọ̀fẹ́, gìtá akọ́sítììkì ló sì wà nínú rẹ̀. LABS ti Spitfire Audio ní gìtá ọ̀fẹ́, Kontakt Player, tó ń mú irú ohun èèlò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, náà kì í gba owó. FL Slayer ti FL Studio, orin rọ́ọ̀kì olóhùn líle ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má fi ṣe jùjú. Kí ẹ tó tẹ dáńlóòdù, ẹ wo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó, kí dátà má bàa tán sójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ibi tí gìtá bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ kò lè dé

Láti orí okùn tó nípọn jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nóòtì wọn ni E, A, D, G, B, E. E ìsàlẹ̀ yẹn ni nóòtì 40 nínú MIDI, ìyẹn èdè nọ́ńbà tí kíbọ́ọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Orúkọ tí sọ́fítíwíà ń pè é yàtọ̀ síra. FL Studio ń pè é ní E3, torí pé C5 ni òun ń pe nóòtì 60. Cubase àti Ableton Live ń pè é ní E1. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé orin, E2 ni. Ẹni tó bá wo fídíò ẹni tó ń lo Ableton, tó wá lọ kọ ohun tó rí síbẹ̀ sínú FL Studio, gìtá rẹ̀ á ti wọ inú ilé báàsì kó tó mọ̀. Ẹ máa fi nọ́ńbà 40 yẹn sọ́kàn, kò sí sọ́fítíwíà tó ń yí i padà.

Kò sí nóòtì kankan lórí gìtá lásán tó lọ sísàlẹ̀ ju 40 lọ. Àwọn atẹkíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń kó sí wàhálà yìí, torí transpose ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé gbogbo nóòtì sókè ní sẹ́mítóònù (ìgbésẹ̀ tó kéré jù láàárín nóòtì méjì) méjì tàbí mẹ́ta, kò sí ìjà, capo, ìdè tí wọ́n fi ń há ọrùn gìtá, ni onígìtá máa lò fún irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e wálẹ̀ tí nóòtì kan fi kọjá 40 sísàlẹ̀, ẹ tún kọ́ọ̀dù náà, ìyẹn àwọn nóòtì tó ń dún pọ̀, tò.

Okùn kan, nóòtì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé E3 àti G3 ti FL Studio yẹ̀ wò. Lórí kíbọ́ọ̀dù, ìka méjì ti tẹ wọ́n pọ̀. Lórí gìtá, orí okùn tó nípọn jù nìkan ni àwọn méjèèjì wà, torí A3 ni okùn tó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ta wọ́n pa pọ̀ láyé. Etí olórin mọ ìyẹn bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀. Bákan náà, ìka mẹ́rin ọwọ́ òsì kì í nà ju fret (àlà irin orí ọrùn gìtá) mẹ́rin sí márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àyàfi bí okùn kan bá wà tí kò gba títẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to kọ́ọ̀dù bí ọwọ́ ṣe ń dì í mú

Kọ́ọ̀dù C lórí kíbọ́ọ̀dù, C, E, G tó fara kínra ni. Ti gìtá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nóòtì kan sì lè tún ara rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ nìyí, pẹ̀lú orúkọ tí FL Studio ń pè wọ́n:

C: C4, E4, G4, C5, E5
G: G3, B3, D4, G4, B4, G5
D: D4, A4, D5, F#5
A minor: A3, E4, A4, C5, E5
E minor: E3, B3, E4, G4, B4, E5
F: F3, C4, F4, A4, C5, F5

Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ní nóòtì mẹ́fà. D kò fọwọ́ kan okùn méjì tó nípọn rárá. Ti F yẹn, ìka kan ṣoṣo ló na ara rẹ̀ dábùú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, nítorí náà gbogbo ẹ̀ ṣeé gbé sókè bó ṣe wà: sẹ́mítóònù méjì, ó di G, márùn-ún, ó di B♭. G tí ẹ bá rí lọ́nà yìí àti G tó wà lókè yẹn kò dún bákan náà. Ti òkè yẹn ní okùn mẹ́ta tí ìka kankan kò tẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó kú. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ nínú ẹsẹ orin kan láìnídìí.

Bí báàsì àti kíbọ́ọ̀dù bá ti wà nínú orin, ẹ yọ okùn méjì tó nípọn kúrò nínú kọ́ọ̀dù náà pátápátá. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kù ti tó. Èyí nìkan á mú kí ìdajì iṣẹ́ míìsì yín, ìyẹn pípa gbogbo ohùn pọ̀, rọrùn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọwọ́ tó ń ta

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù, torí ibí ni ẹ̀rọ ti ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Ọwọ́ kì í kan okùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá ń lọ sísàlẹ̀, okùn tó nípọn ló kọ́kọ́ dún. Nígbà tó bá ń padà bọ̀ sókè, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú. Láàárín okùn kan sí èkejì, àlàfo mìlísẹ́kọ́ǹdù 5 sí 12 máa ń wà, tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ fi máa wà láàárín 30 sí 60. Bí témpò bá jẹ́ 120, tí ẹ kò sì tíì yí bí FL Studio ṣe ń pín àkókò padà, ìyẹn 96 fún bíìtì kan, tíìkì kan jẹ́ bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 5. Nítorí náà, ẹ sún okùn kọ̀ọ̀kan ní tíìkì kan tàbí méjì sẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Orin ìjọsìn tó ń rọra lọ lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alt+S nínú piano roll, ojú ibi tí ẹ ti ń kọ nóòtì, á ṣí irinṣẹ́ tó ń ṣe é fún yín, àmọ́ bí ẹ bá lò ó, ẹ má fi iye kan náà sórí gbogbo kọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin.

Ẹ tún sún gbogbo kọ́ọ̀dù náà kó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú bíìtì díẹ̀, kó lè jẹ́ pé okùn tó gbẹ̀yìn ló bọ́ sórí bíìtì. Etí sábà máa ń gbọ́ okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù gẹ́gẹ́ bí ibi tí kọ́ọ̀dù náà wà. Bí ó bá jẹ́ okùn tó nípọn ló wà lórí bíìtì, gìtá náà á máa dún bí ẹni tó pẹ́ dé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọwọ́ onígìtá kì í dúró. Bí wọ́n bá ń kà á ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, orí iye yẹn ni ọwọ́ ti ń lọ sísàlẹ̀. Àárín wọn ló ti ń padà sókè. Bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ kan okùn, ọwọ́ náà á ṣì máa lọ, á ṣì máa bọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ẹ kò lómìnira láti yan ìhà tí kọ́ọ̀dù kan máa gbà. Èyí tó bá bọ́ sí àárín bíìtì méjì, títa sókè ni, dandan. Bí orin bá yára tí ẹ fi ń pín bíìtì kan sí mẹ́rin, apá kìíní àti ìkẹta lọ sísàlẹ̀, ìkejì àti ìkẹrin padà sókè. Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀ dára, ohùn, míìsì, kọ́ọ̀dù, àmọ́ tí gbogbo títa inú rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ láìpadà. Ọwọ́ ta ni yóò ṣe ìyẹn?

Títa sókè kì í dé orí gbogbo okùn. Mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́, bóyá mẹ́rin, ló sábà máa ń kàn kó tó jáde. Ẹ pa nóòtì okùn tó nípọn rẹ́ nínú gbogbo títa sókè, ẹ ó sì gbọ́ bí orin ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Bí ẹ kò bá tíì wo ọwọ́ onígìtá dáadáa rí, ìyẹn kò ní ná yín lówó ní ìlú yìí. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi fóònù ya ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní slow motion nígbà ìdánrawò. Ìṣẹ́jú kan irú fídíò bẹ́ẹ̀ sàn fún yín ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Agbára àti àkókò

Velocity, ìyẹn bí wọ́n ṣe ta nóòtì lágbára tó, bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 127. Fún gìtá tó ń ti orin lẹ́yìn, ẹ fi títa sísàlẹ̀ sí nǹkan bí 80 sí 100, kí títa sókè wà ní 60 sí 80. Bíìtì kìíní nínú báà lè lágbára díẹ̀ sí i. Ẹ má sún mọ́ 127 àyàfi ibi tí olórin fúnra rẹ̀ bá ti ń pariwo, torí nínú ọ̀pọ̀ plugin, ibẹ̀ ni ohùn okùn tí wọ́n fipá já ti ń jáde, kò sì dùn tó bá di ohun gbogbo ìgbà. Nínú kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo pàápàá, kí nóòtì wọn má ṣe dọ́gba. Bí ọwọ́ bá ń lọ sísàlẹ̀, okùn tó kọ́kọ́ kàn ló sábà máa ń gba agbára jù.

Àwọn kan gbà pé Randomizer, irinṣẹ́ tó ń yí àkókò àti agbára nóòtì padà láìsí ètò, ni oògùn àìdún bí èèyàn. Mi ò gbà. Àṣìṣe èèyàn ní ibi tó ń dorí kọ. Onígìtá máa ń sáré díẹ̀ bí ègbè bá ti ń bọ̀. Ó máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn bí orin bá rọlẹ̀. Ibi tó bá ti yí ọwọ́ padà láti kọ́ọ̀dù kan sí òmíràn tó jìnnà, ibẹ̀ ló ti lè pẹ́ díẹ̀. Randomizer kò mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó kàn ń da nóòtì nù kiri ni, etí sì ń gbọ́ ọ bí onígìtá tó ti mu ẹmu yó.

Ọ̀nà tó sàn jù nìyí. Ẹ yan bọ́tìnnì kan ṣoṣo lórí kíbọ́ọ̀dù MIDI yín, ẹ tẹ rídíìmù gìtá náà sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ títí dé òpin ègbè, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ìlù. Ẹ fi ìka méjì ṣe é, ọ̀kan fún títa sísàlẹ̀, ọ̀kan fún títa sókè. Ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ má fi Quantize, tó ń fa nóòtì sórí bíìtì gẹ́lẹ́, kàn án. Lẹ́yìn náà, ibi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ gbé kọ́ọ̀dù sí, pẹ̀lú velocity tí ọwọ́ yín fi tẹ̀ ẹ́ gan-an. Àkókò inú rẹ̀ ti di ti èèyàn, torí èèyàn ló tẹ̀ ẹ́. Bí ibì kan bá yẹ̀ jù, ẹ fà á sún mọ́ bíìtì, àmọ́ kó má dé ibẹ̀ tán.

Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ máa gbọ́, ẹ pa ìró metronome tó ń ka bíìtì. Gìtá inú orin wa, agogo ló ń tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ibi tí ọwọ́ ti ń yí padà

Nígbà tí ọwọ́ òsì bá ń kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan, gbogbo okùn tó dì mú ló máa dákẹ́ pọ̀. Ẹ gé gbogbo nóòtì kọ́ọ̀dù náà síbì kan náà, kí àlàfo mìlísẹ́kọ́ǹdù 20 sí 40 ṣẹ́ kù kí kọ́ọ̀dù tuntun tó wọlé. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n wọ inú ara wọn, ohùn pẹdálì dùùrù ni ẹ máa gbọ́.

Àṣírí kan wà níbí tí àwọn onígìtá fúnra wọn kì í sábà mọ̀ pé àwọn ń ṣe. Ní títa sókè tó gbẹ̀yìn kí kọ́ọ̀dù tó yí, ìka ọwọ́ òsì ti gbéra, ọwọ́ ọ̀tún sì ti ta okùn láìsí ìka lórí rẹ̀. Ohun tó máa dún níbẹ̀ ni G4, B4 àti E5, ohun yòówù kí kọ́ọ̀dù náà jẹ́. Ẹ fi síbẹ̀ ní velocity tó rọlẹ̀, bíi 50, kó kúrú, kó má sì jẹ́ gbogbo ìgbà. Àwọn tó ń gbọ́ kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí orin bá jẹ́ jùjú tàbí highlife

Títa kọ́ọ̀dù olókùn mẹ́fà kò pọ̀ nínú orin wọ̀nyí. Àwọn onígìtá ẹlẹ́mu (palm-wine) ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, títí kan Kumasi Trio ti Gánà tí wọ́n gba orin sílẹ̀ ní 1928, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ni wọ́n fi ń ta á: àtàǹpàkò mú okùn ìsàlẹ̀, ìka kejì mú ti òkè, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹ bá ń kọ irú rẹ̀, ẹ pín nóòtì sí ìlà méjì nínú piano roll, kí ti àtàǹpàkò lágbára ju tèkejì lọ díẹ̀, kó sì máa bá bíìtì rìn nígbà tí tèkejì ń bọ́ sáàárín.

Nínú ẹgbẹ́ jùjú ńlá bíi ti Ebenezer Obey àti King Sunny Ade, gìtá pọ̀, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tenor gìtá mú gbólóhùn kúkúrú kan, ó ń tún un sọ. Rhythm gìtá ń já sí àlàfo tí tenor fi sílẹ̀. Lead gìtá ń dá olórin lóhùn. Àṣìṣe tí mo ń gbọ́ jù lọ nínú jùjú orí kọ̀ǹpútà ni gìtá mẹ́ta tí wọ́n ń ta kọ́ọ̀dù kan náà lórí bíìtì kan náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tenor. Ẹ yan nóòtì mẹ́rin sí mẹ́fà, kí gbogbo wọn wà lórí okùn mẹ́ta tó wà láàárín, ẹ fi keyswitch palm mute sí i, kí gbólóhùn náà gùn tó báà méjì. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí gángan ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn sí. Ẹ tún un sọ jálẹ̀ orin, àmọ́ nígbà kẹrin tàbí ìkẹjọ, ẹ yí nóòtì kan padà tàbí kí ẹ fo ọ̀kan. Ẹ má dáàkọ báà méjì kan kí ẹ sì fà á gùn dé ìparí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ á rẹ̀ yín díẹ̀, a ó sì gbọ́ ọ.

Fún lead, ẹ fi nóòtì méjì rìn pọ̀ lórí okùn méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Nínú kíì G, ẹ gbìyànjú G5 pẹ̀lú B5, ẹ bọ́ sí A5 pẹ̀lú C6, lẹ́yìn náà B5 pẹ̀lú D6. Ọwọ́ dé gbogbo ibẹ̀ láìwàhálà. Ẹ lo slide láti ọ̀kan sí èkejì. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi ẹnu kọ gbólóhùn náà ná. Bí èémí yín bá tán kó tó parí, ó ti gùn jù. Bí olórin bá sì pe ọ̀rọ̀ tó lọ sílẹ̀, tí lead tó ń dá a lóhùn wá ń gùn sókè, etí Yorùbá á kọ̀ ọ́, torí ohun tó ń retí lọ́wọ́ gángan náà ló ń retí lọ́wọ́ gìtá.

Ìgbésẹ̀ 8: Títẹ okùn, yíyọ̀, àti gìtá onírin

Hammer-on ni kí ìka ọwọ́ òsì lu okùn tó ṣì ń dún láìjẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún tún un ta. Nínú ọ̀pọ̀ plugin, bí nóòtì kejì bá bẹ̀rẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó parí, òun ni yóò jáde, bí ẹ bá ti yan keyswitch rẹ̀. Kí velocity nóòtì kejì kéré. Orí okùn kan náà ló gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà kí àwọn méjèèjì má jìnnà síra ju sẹ́mítóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Bí ìka bá fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fret, ohùn rẹ̀ á gòkè. Kò lè lọ sílẹ̀ ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Fún ìdí èyí, bí ẹ bá ń ṣe vibrato (kí ohùn máa gbọ̀n) fún lead gìtá oníná, láti odo lọ sókè kó sì padà sí odo ni kí pitch bend yín, tó ń yí gíga ohùn padà, máa lọ. Bí ó bá ń lọ nísàlẹ̀ odo, ó ti di ohun èèlò mìíràn. Ẹ sì wò ó pé ibi tí plugin fi pitch bend sí bá ti sọ́fítíwíà yín mu. Sẹ́mítóònù méjì ló wọ́pọ̀.

Gìtá onírin (steel guitar) tí Demola Adepoju ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Ade kò tẹ̀ lé òfin yìí. Irin ni wọ́n ń gbé lé okùn níbẹ̀, fret kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe, vibrato rẹ̀ sì lè lọ sókè sódò. Ẹsẹ̀ tún wà lórí pẹdálì tó ń darí bó ṣe ń pariwo tó, nítorí náà èèyàn lè má gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì rárá, kí ohùn náà kàn máa yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. CC 11, ìlà MIDI tó ń darí bí ohùn ṣe ń ròkè tó, ni kí ẹ fi ya ìyẹn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ gbé e gòkè lẹ́yìn tí nóòtì bá ti bẹ̀rẹ̀. Nóòtì díẹ̀, àkókò púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Gìtá méjì, òsì àti ọ̀tún

Bí ẹ bá dáàkọ gìtá kan, tí ẹ fi ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún, kò fẹ̀ rárá. Ohun kan náà nínú etí méjèèjì, àárín ni ọpọlọ máa gbọ́ ọ sí, ó kàn máa pariwo sí i ni. Ẹ tún tẹ ìlà kejì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lè to kọ́ọ̀dù rẹ̀ síbòmíràn lórí ọrùn gìtá, tàbí kí ẹ lo plugin mìíràn, ó dára jù.

Ìgbésẹ̀ 10: Ámpù àti míìsì

Gìtá oníná tí kò gba inú ámpù, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn gìtá lágbára, kọjá máa ń dún bí ẹ̀fọn létí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni sípíkà ámpù: sípíkà gìtá kì í gbé ohun tó ga ju nǹkan bí 5 kHz lọ jáde dáadáa, òun ló sì ń mú kí ohùn rẹ̀ rọ̀. Guitar Rig Player àti Neural Amp Modeler, tí wọ́n jẹ́ ámpù inú kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá lo Neural Amp Modeler, ẹ rí i dájú pé ohùn sípíkà wà nínú rẹ̀ tàbí kí ẹ fi IR (fáìlì tó gbé ìró sípíkà gidi) sí i lẹ́yìn. Fún jùjú, kí ámpù mọ́ tónítóní, chorus (irinṣẹ́ tó ń mú ohùn gbòòrò) díẹ̀, ó tán.

E ìsàlẹ̀ jẹ́ 82 Hz, nítorí náà kò sí gìtá nísàlẹ̀ 80 Hz, ariwo ló wà níbẹ̀. Ẹ gé e. Bí báàsì bá wà, ẹ lè gé e dé 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ohùn bá dún bí inú páálí, ẹ dín láàárín 200 sí 400 Hz kù. Reverb (bíi ìró tó ń padà láti ara ògiri) kúkúrú, kó jẹ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí ìlù wà nínú rẹ̀, kí gbogbo wọn lè dà bí ẹni wà nínú yàrá kan. Bí plugin yín bá ní ariwo ìka tó ń fà lórí okùn, ẹ jẹ́ kó kéré, ibi tí ọwọ́ ti rìn jìnnà lórí okùn tó nípọn nìkan ni kó ti máa jáde.

Tí láptọ́ọ̀pù bá ti ń wúwo, ẹ sọ gìtá kọ̀ọ̀kan di ọ́díò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ sì tọ́jú MIDI rẹ̀ sápá kan. Bí iná bá lọ lójijì, ohun tí ẹ ti sọ di ọ́díò kò ní bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ 11: Ẹ gbé e fún onígìtá

Onígìtá kò wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fún wọn, yunifásítì LAUTECH ní tirẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ níbí ní 1898. Ẹ pa gbogbo ohun èèlò tó kù, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan lára wọn gbọ́ gìtá yín nìkan. Ẹ má bi í bóyá ó dùn, torí ó lè máa tijú yín. Ẹ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ lè ta a?" Ibi tó bá ti ń wá ìka rẹ̀ lórí ọrùn gìtá tí kò rí i, ẹ sàmì sí i, ẹ padà lọ tún un kọ. Bí ó bá gbé gìtá rẹ̀ wá, tí iná sì wà, ẹ gba lead rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tenor àti rhythm inú kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.